Fíúsì Orí Òpó Tí Mi Ò Jẹ́ Kó Yọ

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ìkòròdú

Wọ́n ní Wàsíù, oníṣẹ́ iná wa, á yè, ṣùgbọ́n wọn ò tíì mọ̀ bóyá ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á ṣiṣẹ́ mọ́.

Àpótí fíúsì wa tó jó ló wá pààrọ̀. Ó fẹ́ kọ́kọ́ yá àkàbà, kó lọ yọ fíúsì orí òpó.

Èmi ni mo ní, "Látàná ni wọ́n ti mú iná lọ. Kí lo tún fẹ́ yọ?"

"Màmá, wọ́n lè mú un dé nígbàkígbà."

Mo ní àdúgbò yìí kì í rí iná kílẹ̀ tó ṣú. Kò fẹ́ bá àgbà jiyàn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú àpótí náà.

Ọbẹ̀ ẹja ṣì wà lórí sítóòfù. Ta ló fẹ́ jẹ ẹ́...

Nígbà tí iná dé lọ́sàn-án, tí àwọn ọmọ àdúgbò hó yèè, èmi náà pàtẹ́wọ́ ní kíṣìnì. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ igbe rẹ̀.