Ìtẹ̀ka Yín Lórí Ìwé Àbúrò Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ìyá wa ti padà sí oko yín tó wà lọ́nà Ìjàyè. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú àbúrò yín, nítorí pé màá bú u. Ẹ má retí pé kí n pè é ní "wọn" nínú lẹ́tà yìí. Ọ̀wọ̀ mi fún un ti tán.

Ẹ ò tíì pé ogójì ọjọ́ ní sàréè tó fi mú ìwé kan jáde pé ẹ ti ta oko náà fún òun lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, ẹ sì tẹ̀ka sí i. Ó ní kí Ìyá wa kó jáde. Mo ní irọ́ ni. Ó wò mí látòkè délẹ̀.

"Tíṣà, lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Obìnrin kì í pín ilẹ̀ nílé wa."

Ìwé náà ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Ẹ mọ àwọn èèyàn wa: bí ìwé ilẹ̀ bá ti gbó, òótọ́ ló wà nínú rẹ̀.

Mo gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Mo ti kà á pé ìtẹ̀ka ènìyàn méjì kì í bára mu, mo sì rò pé ìka ẹlòmíràn ló fi parọ́. Mo mú fọ́ọ̀mù tí ẹ tẹ̀ka sí nígbà tí mo wọ ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni lọ fún wọn. Akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ náà mú ìwé ìpàdé tí ẹ tẹ̀ka sí kẹ́yìn wá. Ọlọ́pàá tó mọ iṣẹ́ ìtẹ̀ka wíwò fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò wọ́n títí.

"Mà, ọwọ́ bàbá yín náà ni."

Àbúrò yín bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ rí i? Ìwé tó kà jù ló yí i lórí."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa lọ sílé. Mo kàn ní kí wọ́n jẹ́ kí n fi awò náà wo ìka yín. Àárò yín ló ń sọ mí, kì í ṣe ọgbọ́n. Mo rí ìlà funfun kan tó dábùú àtàǹpàkò yín lórí ìwé ilẹ̀ àti lórí ìwé ẹgbẹ́ àgbẹ̀. Kò sí lórí fọ́ọ̀mù mi. Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń fi àtàǹpàkò tọ́ ojú àdá wò tí ẹ bá pọ́n ọn tán? Ìyá wa á máa kígbe, ẹ̀yin á máa rẹ́rìn-ín. Ọdún tó ṣáájú ikú yín ni àdá gé yín, tí wọ́n rán ojú rẹ̀ ní ọsibítù.

Mo sọ ọ́ fún ọlọ́pàá, mo sì bi í pé ọdún wo ni wọ́n kọ sórí ìwé ilẹ̀. Ó kà á. Ó tún un kà. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu àbúrò yín.

Ojo ni! Kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀ ló ti jẹ́wọ́. Orí àjà ilé ìdáná ló fi ìwé náà sí, kí èéfín lè sọ ọ́ di arúgbó. Kò mọ̀ pé ìka náà ní ọjọ́ orí.

Ọlọ́pàá náà ń yan kiri báyìí pé ìtẹ̀ka kì í purọ́. Ṣé kì í ṣe òun náà ló fẹ́ fi ìtẹ̀ka lé Ìyá wa lóko? Bí kò bá sí ojú egbò yẹn ńkọ́?

Ọjọ́ tí ẹ dákú ni àbúrò yín ṣe é, tó rán mi lọ pe nọ́ọ̀sì. Nígbà tí mo dé, àtàǹpàkò yín dúdú. Ó ní àgbo ló ta sí yín lọ́wọ́. Èmi ni mo fi kànhìnkànhìn fọ̀ ọ́ mọ́. Kí ló dé tí n kò béèrè? Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n lára nígbà tó ń tẹ̀ yín níka? Ṣé ẹ fẹ́ fa ọwọ́ yín padà?

Àwọn àgbà ilé wá lánàá.

"Ọmọ ìyá kan náà ni òun àti bàbá ẹ. Yọwọ́ nínú ẹjọ́, ká parí ẹ̀ nílé."

Mo bu omi fún wọn, wọ́n mu. Mo ní tí bàbá mi bá ní kí n yọwọ́, màá yọ ọ́. Kí àbúrò wọn lọ béèrè lọ́wọ́ wọn.

Ọjọ́ Ajé ni adájọ́ yóò gbọ́ ẹ̀rí mi. Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀, ẹ yáa sọ ọ́ kí ọjọ́ náà tó pé. Bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan, mo ń lọ.

Èmi ni,
Ọmọ yín tí ìfẹ́ yín kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.