Tábìlì Tí Ẹ Kàn fún Ọwọ́ Òsì

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ má bínú pé ó pẹ́ kí n tó kọ nǹkan sí yín. Ọdún mẹ́rin péré ni mo lò nílé ìwé, ẹ̀yin náà mọ̀. Ìwé Yorùbá tí wọ́n kọ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń gbìyànjú yìí.

Mo ti lọ́kọ, Bàbá. Oṣù mẹ́ta rèé tí mo ti wà ní Sakété. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni, bíi tiyín. Ojú rẹ̀ ṣì ń tì mí. Bí a bá jọ ń jẹun, abọ́ ni mo máa ń wò. Àmọ́ ó níwà pẹ̀lẹ́, ara mi sì ti ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ì bá wù mí kí ẹ mọ̀ ọ́n.

Ilé iṣẹ́ igi kọ́lẹ́ẹ̀jì Pobè, níbi tí ẹ ti kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé, wọ́n ń tún un ṣe. Ọkọ mi ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún! Páànù tuntun ti wà lórí rẹ̀, wọ́n ti fẹ fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé dáadáa. Wọ́n kan pákó mọ́ ògiri tí wọn ó máa fi ayùn àti ìfági kọ́ sí, kí àwọn ọmọ má baà máa wá wọn kiri ilẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ ayùn oníná sì ń bọ̀. Ṣé ẹ̀ ń rí gbogbo rẹ̀ níbi tí ẹ wà?

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, mo gun ẹ̀yìn alùpùpù sẹ́míjàn tó ń gbé èrò, mo gbé oúnjẹ lọ fún un níbẹ̀. Bí òórùn igi tíìkì ṣe kàn mí nímú báyìí, mo tún di ọmọdé. Mo rántí kìréyọ̀n tí ẹ fi ń sàmì sára pákó, tó máa ń wà lẹ́yìn etí yín tí ẹ ó sì máa wá a káàkiri. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń fi ẹnu fẹ́ lẹ́búlẹ́bú igi kúrò lórí ẹ̀kọ mi kí n tó jẹ ẹ́.

Tábìlì iṣẹ́ yín ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn méjì tó ń bá ọkọ mi ṣiṣẹ́ dúró tì í, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹnu tó ń di pákó mú, apá òsì ló wà lára gbogbo tábìlì yòókù. Tiyín nìkan ló wà lápá ọ̀tún.

“Ta ló kan èyí? Àbí ó ti mu ọtí sódábì kó tó bẹ̀rẹ̀?”

“Ẹ̀yìn ló kọ sí iṣẹ́, ọ̀gá!”

Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n là á, pé igi rẹ̀ á dáa fún pẹpẹ. Kò mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ kàn án. Mi ò sọ fún un rí.

Bàbá, èmi nìkan ni mo mọ̀. Lọ́sàn-án, bí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé, ẹ ó ti fèrèsé tó kọjú sí ọ̀nà, ẹ ó wá gbé ayùn sọ́wọ́ òsì. Iṣẹ́ tó ń mú yín làágùn lójú àwọn ọmọ, ọwọ́ òsì á ṣe é wẹ́rẹ́. Ẹ sọ fún mi bí ìyá yín ṣe fi okùn so ọwọ́ náà nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé ní Towé, nítorí ta ló ń fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà? Ẹ ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí dìrẹ́tọ̀, ọ̀gá ilé ìwé, bi yín nípa tábìlì náà, ẹ ní àyè ni kò tó lápá kejì. Mo wà níbẹ̀. Mo dákẹ́. Ọwọ́ yẹn náà ni mo dì mú nígbà tí àìsàn dá yín dùbúlẹ̀, mi ò sì bi yín bóyá okùn yẹn ṣì ń dùn yín.

Wọ́n ti gbé ayùn lé e lórí kí n tó mọ̀ pé ẹnu mi ti là. Mo ní Bàbá mi ló kàn án, pé ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n, pé kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó wa,” ni ẹni tó dárúkọ sódábì wí, ó sì ṣí fìlà.

Ọkọ mi gbé ayùn kúrò. Ó jáde lọ bi àwọn ọmọ ilé ìwé pé ta ló ń lo ọwọ́ òsì nínú wọn. Ọmọbìnrin kan rọra jáde, ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ bíi pé ó jí nǹkan. Wọ́n fi pákó sẹ́nu tábìlì yín fún un. Ó wo ojú gbogbo wa kó tó gbé ayùn. Bàbá, ó rẹ́ ẹ, ó sì tọ́ gbọọrọ. Ọkọ mi ní tábìlì náà ò ní kúrò níbẹ̀ mọ́.

Mo ti tú àṣírí yín. Ṣé ẹ bínú? Bí ẹ bá bínú, èmi ni kí ẹ bínú sí. Ẹ má bínú sí ọmọ yẹn.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin,
tí àárò yín ń sọ.