Wọ́n Fagi Lé Ìdáhùn Àbíkẹ́yìn Mi

Àkúrẹ́, Ọjọ́bọ̀

Inú ṣì ń bí mi! Tíṣà fagi lé ìdáhùn àbíkẹ́yìn mi nínú ìdánwò. Ọmọ náà kọ ọ́ pé àwọn tó fi ọkọ̀ ojú omi wá ilẹ̀ kiri láyé àtijọ́ ti mọ̀ pé ayé rí roboto. Mo yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwé, òótọ́ ni. Tíṣà ní wọ́n gbà pé ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìranù!

Mo lọ bá a nílé ìwé láàárọ̀, mo sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀ ní Oǹdó."

Ó fa nóòtù àtijọ́ yọ. Lábẹ́ "ayé tẹ́ pẹrẹsẹ", bírò pupa tèmi ló kọ ọ́: O káre.