Ìkíni Ọ̀sẹ̀ Kan Lọ́jọ́ Ajé

                                                            Ilé Alájì Ọlábíyìí,
                                                            Kasarawa,
                                                            Sókótó.
                                                            Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Èrèlé, 1982.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Sìkírátù,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ikọ́ tó ń dà wọ́n láàmú ti fi wọ́n sílẹ̀? Ìyá wa lágbo ilé ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti rọlẹ̀? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn àbí ó ṣì ń fi ìdí wọ́lẹ̀ kiri? Má sọ pé ìkíni mi pọ̀ jù. Ebi rẹ̀ ló ń pa mí, wàá sì mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Ara tèmi le, a dúpẹ́.

O béèrè nínú lẹ́tà rẹ pé báwo ni mo ṣe ń rí àyè ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, kí n tún máa dáná, kí n tún máa múra ìgbéyàwó. Sìkírá, n kò rí àyè kankan. Ọ̀gá wa ló rí i. Ọ̀gbẹ́ni Àyànbọ̀dé, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ni ilé iṣẹ́ tí a ti ń yàwòrán ilé ní Kofar Marke, ló lọ gba ẹ̀kọ́ kan ní Kàdúná lórí bí òṣìṣẹ́ ṣe lè máa ṣọ́ àkókò rẹ̀ lò. Kì í ṣe ẹni tó lọ ló padà. Ó gbé aago ńlá kan mọ́ra wálé bí ẹni gbé ọmọ àgbò, ó fi kọ́ ara ògiri, ó wá jókòó sábẹ́ rẹ̀, ó ń wá ohun tó ń jẹ àkókò wa.

Kò pẹ́ tó fi rí i. Ó ní ìkíni ni. Kí n má parọ́, kò kúkú purọ́ tán. Ṣéhù tó ń ṣọ́ géètì wa, tó bá ti fi Haúsá kíni pé "Ina kwana?", á béèrè ilé, á béèrè iṣẹ́, á béèrè àárẹ̀, á béèrè oòrùn. Nígbà tí o bá rò pé ó ti parí, á tún padà sórí ilé. Àwa ọmọ Yorùbá náà kò gbẹ́yìn: ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìdúró. Ẹni tó lọ mumi lásán, tó bá dé, ẹ kú àbọ̀ ni. Kí a tó mú rúlà, oòrùn ti mú lórí páànù.

Ni ọ̀gá bá ṣòfin. Ọjọ́ Ajé nìkan la ó máa kí ara wa, gbogbo ti ọ̀sẹ̀ náà la ó sì kí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni pọn omi sílẹ̀ de ọ̀dá. Ẹni tó bá kíni lọ́jọ́ mìíràn, kí ó gbàgbé ìsinmi ọdún rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kàn mí, nítorí ìsinmi yẹn ni mo fẹ́ fi ṣe ìgbéyàwó èmi àti Ọpẹ́láyọ̀, olùkọ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí mo máa ń sọ fún ọ nípa rẹ̀.

Ìwọ ì bá wá wò wá lọ́jọ́ Ajé. A ó tò sójú kan, a ó máa kí ara wa kú àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kú ọ̀sán Ọjọ́rú, kú oòrùn Ọjọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà a ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí kò sí ẹnì kankan, a ó kúnlẹ̀, a ó dọ̀bálẹ̀, a ó máa kí àwọn àlejò tó máa wá láàárín ọ̀sẹ̀: ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀. Ọjọ́ kan ọ̀gá ní kí a kúkú kí ara wa kú ọ̀fọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú, kí ó má baà dí iṣẹ́ lọ́wọ́ tó bá ṣẹlẹ̀. Gbogbo wa la sá jáde. Nígbà tí a túmọ̀ rẹ̀ fún Ṣéhù, ó ní "Haba!", ló bá ń ká ẹní rẹ̀, ó ní òun ń lọ sílé òun. Bí wọ́n ṣe yọ ọ̀fọ̀ kúrò nínú òfin nìyẹn.

Láwọn ọjọ́ tó kù, ọ́fíìsì á pa lọ́lọ́. Ṣéhù kò lè mú un mọ́ra, ó máa ń yọ́ lọ sídìí igi dógóńyárò ẹ̀yìn ilé láti lọ kí i. Etí mi ni mo fi gbọ́ tó ń bi igi náà léèrè àwọn ọmọ rẹ̀. Alájì kan tí a ń yàwòrán ilé fún tún wọlé wá ní Ọjọ́rú kan, kò rí ẹni tó kí i, gbogbo wa kàn ń wo ilẹ̀. Alájì rò pé òkú ló kú fún wa, ló bá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ó ń ṣàdúrà fún òkú. A bá a ṣe àmín, nítorí àdúrà kò sí nínú òfin. Iṣẹ́ kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ yá, torí àárọ̀ dalẹ́ la fi ń jiyàn bóyá "pẹ̀lẹ́" tí a sọ fún ẹni tó fẹsẹ̀ kọ jẹ́ ìkíni àbí kì í ṣe ìkíni.

Ìyẹn ṣì dára. Ìyá Ọpẹ́láyọ̀ ti sọ pé àwọn kò ní sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lórí ọ̀rọ̀ wa, àfi tí àwọn bá fojú ara wọn rí mi. Ọjọ́ Àbámẹ́ta la ń retí wọn. Àfi bí wọ́n ṣe rí ọkọ̀ ọmọ ìlú wọn kan tó ń kó obì bọ̀ ní Sókótó, wọ́n bá a wá, ó sì já wọn sẹ́nu ọ́fíìsì wa ní Ọjọ́bọ̀, torí àdírẹ́sì ibẹ̀ ni ọmọ wọn kọ ránṣẹ́ sí wọn. Eruku ti bò wọ́n dé ìpéǹpéjú. Wọ́n sọ ẹni tí wọ́n jẹ́, wọ́n dúró, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ń retí kí n kúnlẹ̀.

Sìkírá, orúnkún mi ti ń lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀gá yọjú láti inú yàrá rẹ̀, ó wo aago, ó wò mí. Mo rántí ìsinmi mi. Mo ní bí n kò bá rí ìsinmi gbà, ìgbéyàwó wo ni mo fẹ́ ṣe? Ọgbọ́n tó wá sí mi lórí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí irú rẹ̀ wá sí ọ lórí láé.

Mo ní, "Ẹ jókòó, mà. Mo ti kí yín lọ́jọ́ Ajé."

Ẹ̀rín kúrò lójú wọn. Wọ́n bi mí pé níbo ni mo ti rí àwọn lọ́jọ́ Ajé. Mo ṣàlàyé òfin náà, ọ̀gá náà bá mi ṣàlàyé, ó ń nàka sí aago. Wọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa. Wọ́n wá bi ọ̀gá pé gbogbo àkókò tó ti fi pamọ́ láti ìgbà náà, níbo ló kó o sí, kí ó mú un wá kí àwọn rí i. Ọ̀gá wo inú àpótí tábìlì rẹ̀ bí ẹni pé yóò rí i níbẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n gbé àpò wọn.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Tó bá jẹ́ ọjọ́ Ajé lẹ ń kíni níbí, a ó dúró de ọjọ́ Ajé."

Wọ́n sì dúró dè é. Yàrá mi ni wọ́n dé sí, torí èmi ni wọ́n wá wò. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ kú ewu ọ̀nà, wọ́n kọjú sógiri, wọ́n ní kò tíì di ọjọ́ Ajé. Mo se ọbẹ̀ ilá, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọn kò ní o ṣeun. Ọpẹ́láyọ̀ wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n ní kí òun náà lọ di ọjọ́ Ajé mú. Ọkọ̀ obì náà sì máa padà lọ lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé yẹn gan-an. O mọ̀ mí, n kì í sunkún, àmọ́ mo sunkún. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí, mo sì mọ̀ pé tí ìyá rẹ̀ bá ní rárá, ó ti parí nìyẹn.

Ilẹ̀ ọjọ́ Ajé ń mọ́ bọ̀ nígbà tí mo kúnlẹ̀ síwájú wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀: ẹ kú ìrìn, ẹ kú ewu ọ̀nà, ẹ kú eruku, ẹ kú àárẹ̀. Wọ́n ń dá mi lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kò kánjú. Tí mo bá fẹ́ fo ọ̀kan, wọ́n á ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ńkọ́? Wọ́n béèrè bàbá mi, wọ́n béèrè ìyá mi, wọ́n béèrè ewúrẹ́ ìyá mi. Mo ń gbọ́ báwọn ará ilé ṣe ń jáde lọ síbi iṣẹ́. Mo mọ̀ pé mo ti pẹ́, àti pé ìsinmi mi ti lọ. N kò dìde.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló wa mọ́tò wá wá mi, torí àwòrán ilé Alájì wà lọ́wọ́ mi, Alájì sì ti ń dúró. Ó já wọlé pẹ̀lú ìbínú. Ìyá bi í pé ṣé òní kọ́ lọjọ́ Ajé ni? Ni ọmọ Ọ̀yọ́ bá dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ilé lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń dáhùn wéréwéré, títí wọ́n fi béèrè ìyá rẹ̀. Ọ̀gá ní Alájì ń dúró. Wọ́n tún bi í. Ó ní òun kò mọ̀ bí ara wọn ṣe rí, pé ó ti pẹ́ tí òun ti lọ sílé gbẹ̀yìn, iṣẹ́ ni kò jẹ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ìyá na ọwọ́ kàn án léjìká, wọ́n ní kí ó dìde.

Bó ṣe dìde ló tún rántí mi. Ó bi mí, kò tiẹ̀ pariwo, pé kí ló dá mi dúró sílé títí di àsìkò yìí. Kí n tó lanu, ìyá ti dá a lóhùn.

"Má bá ìyàwó mi wí. Èmi ni mo dá a dúró."

Ìyàwó mi, Sìkírá! Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn, wẹ́rẹ́, bí ẹni ní kí wọ́n bu omi fún òun. Mo fẹ́ fò dìde, ẹsẹ̀ mi ti kú, mo ṣubú lu ọ̀gá mi, àwa méjèèjì sì wó sórí apẹ omi. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè bẹ̀bẹ̀.

Ọ̀gá wọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́ ní àná. Kí ó tó lọ, ó fún mi ní ìsinmi mi, kò sì sọ ìgbà tó máa padà. Ṣéhù ti ń kí wa láti àárọ̀ àná, kò tíì parí, a kò sì tíì fa ìlà kan.

Lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde ni ìdána. Bí o kò bá wá, má pè mí lọ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, bá mi kí ìyá wa, kí o sì fi ẹnu ko ọmọ tuntun lẹ́nu fún mi. Lọ́kọ̀ọ̀kan ni kí o kí wọn o, má kó wọn pọ̀.

Èmi ni, tìrẹ láìyẹ̀,
Adéjùmọ̀kẹ́, ìyàwó wọn.