Má Tú Ọ̀já Ilé Wa

Savè, oṣù kẹjọ, 1962

Àyọ̀ká, àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti ìyá ọkọ rẹ tó ń tọ́jú rẹ. Ẹsẹ̀ Bàbá ti ń san. Iṣu tuntun ti dé láti Kaboua.

Àyọ̀ká, ọ̀já tí mo fi ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin nítorí oyún rẹ, èyí tí Ìyá fi pọn èmi àti ìwọ, má tú u o! Ọládélé ọmọ mi ni mo fi pọn kẹ́yìn. Nǹkan sú sí i lára, mo ṣe bí èéyi lásán ni. Àṣé ìgbóná ni! Norbert tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn ní kòkòrò rẹ̀ kéré ju kòkòrò egbò lọ fíìfíì, fírúsì ni wọ́n ń pè é. Abẹ́rẹ́ tó ń wo egbò kì í ràn án. Ara èèyàn ló ti ń bí sí i, ṣùgbọ́n ó lè sá pamọ́ sínú aṣọ.

Mo bẹ̀ ọ́, sun ún tìdìtìdì. Kí gbogbo yín lọ gba àjẹsára. Má wá sílé.

Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ wẹ́rẹ́. Aṣọ tuntun ni kí o fi pọn ọmọ rẹ. Ẹ̀yìn tèmi ti ṣófo láti àárọ̀ Jímọ̀.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ìyá Ọládélé