Àgbàdo Màmá Nídìí Ẹ̀rọ Olómi

Mọ́ńdè, 6 Oṣù Kẹwàá, 1986

Alága sọ̀rọ̀ lónìí. Ọkọ mi ni mò ń pè bẹ́ẹ̀, láàárín èmi àti ìwé yìí nìkan. Láti oṣù kẹfà tí ilé iṣẹ́ epo ti dá a dúró ló ti ń ṣe alága níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ó ní Màmá òun tó wá kí wa fẹ́ mú Lará dání tí wọ́n bá ń padà sílé níparí oṣù. Kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ wọn n'Íkirè títí nǹkan á fi dára. Tẹlifíṣọ̀n ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí.

Mo ní mo ti gbọ́. Mo wọ aṣọ nọ́ọ̀sì mi, mo gba ibi iṣẹ́ lọ. Orí freeway ni mo ti sunkún.

Túsìdé, 7

Ta ni yóò wo ojú ìyá ọkọ tí yóò ní rárá? Wọ́n ń se oúnjẹ fún wa, wọ́n ń dirun fún Lará, wọn ò bú mi rí. Bí mo bá kọ̀, wọ́n á ní Amẹ́ríkà ti bà mí jẹ́. Bí mo bá gbà, mo gbé.

Fúráìdé, 10

Adájọ́ ti ba blender wa jẹ́. (Màmá ni Adájọ́. Wọn kì í sọ púpọ̀ — wọ́n á kàn máa wò ọ́ títí wàá fi jẹ́wọ́ ohun tó o ò ṣe.) Wọ́n fẹ́ ṣe ààdùn fún Lará. Wọ́n yan àgbàdo gbígbẹ tí wọ́n rà nísọ̀ àwọn ará Mẹ́síkò, wọ́n dà á sí blender, ni èéfín bá bẹ̀rẹ̀ sí í rú. Alarm ké ní gbogbo apartment. Alága dìde lórí àga! Èmi ò mọ̀ pé ó ṣì lè sáré.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Màmá bi mí: níbo ni wọ́n ti ń lọ nǹkan ní ìlú yìí? Mo ní kò sí ẹ̀rọ ìlọta ní Houston. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń purọ́. Ìlú tó tóbi tó báyìí?

Sọ́ńdè, 12

Ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ wàásù lórí Hánà tó mú Sámúẹ́lì lọ fún Élì. Mo jáde lọ jókòó sínú mọ́tò.

Tọ́sìdé, 16

Helen, nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi, ní abúlé àtijọ́ kan wà kọjá Cypress tí wọ́n ti tún ẹ̀rọ ìlọkà ibẹ̀ ṣe. Àwọn àgbẹ̀ ará Jámánì ló kọ́ ọ láyé ọjọ́un, omi ló ń yí i. Ó ti wó tẹ́lẹ̀, wọ́n tún un kọ́, àwọn èèyàn wá ń lọ wò ó lópin ọ̀sẹ̀. Mo sọ fún Màmá pé ní Sátidé a ó lọ wo ẹ̀rọ ìlọta. Ojú wọn là. Ó yẹ kí n ti fura.

Fúráìdé, 17

Màmá tún ń yan àgbàdo. Alága ní òun ò bá wa lọ.

Sátidé, 18

Ẹ wo ohun tó wà nínú búùtù mọ́tò mi nígbà tí a débẹ̀: abọ́ ńlá kan, àgbàdo yíyan kún un, wọ́n fi ìborùn bò ó. Kí n tó ti mọ́tò, ó ti wà lórí wọn. Kámẹ́rà ló wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Àwọn òyìnbó obìnrin tó ń mú àlejò káàkiri wọ búbù àtijọ́ pẹ̀lú fìlà olókùn, àárín wọn sì ni Adájọ́ ń rìn kọjá, tàwọn ti abọ́ lórí. Ojú gbà mí tì. Mo ní, Màmá, ìran la wá wò o, wọn kì í bá èèyàn lọ nǹkan níbí. Wọ́n ní ẹ̀rọ tí kì í lọ nǹkan, kí ló wá ń yí fún?

Bàbá òyìnbó kan ló ń tọ́jú ẹ̀rọ náà, Cornelius lorúkọ rẹ̀, ìyẹ̀fun ti fọ́n sí gbogbo fìlà rẹ̀. Ó wo abọ́, ó wo Màmá, ó béèrè bóyá lílọ̀ ni wọ́n gbé e wá fún. Kí n tó lanu, Lará ti dáhùn: yes sir, ààdùn ni Grandma fẹ́ fi ṣe. Bàbá ṣí fìlà. Ó ní láti ìgbà tí àwọn ti tún un kọ́, fọ́tò ni gbogbo èèyàn ń wá yà, kò tíì sẹ́ni tó gbé àgbàdo wá.

Ó ṣí omi. Kẹ̀kẹ́ ńlá tí omi ń yí mira, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, gbogbo ilé ń gbọ̀n. Màmá ní òkúta ìsàlẹ̀ ni ìyá ọlọ, tòkè ni ọmọ ọlọ, wọ́n ní kí Lará kí wọn. Ọmọ Amẹ́ríkà kúnlẹ̀, ó kí òkúta.

Lará dúró ti Cornelius, ó ń wo bí ìyẹ̀fun ṣe ń dà sínú àpótí. Èmi àti Màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ariwo yẹn pọ̀. Wọ́n fara mọ́ mi, wọ́n ní nílé, ìdí ẹ̀rọ la ti ń sọ ohun tí ará ilé ò gbọdọ̀ gbọ́. Wọ́n ní, ìyàwó mi, n ò bá ọ jà, mo kàn fẹ́ bi ọ́ ni: kí lọmọ yìí fi ṣe ọ́ tó o fi ní kí n máa mú un lọ?

Mo ní, èmi kẹ̀?

Wọ́n ní Dayọ̀, ọkọ mi, ló sọ bẹ́ẹ̀. Pé ó ti rẹ̀ mí, pé ojú ló ń tì mí láti sọ fún wọn. Mo ní, ẹ̀yin ló sọ fún èmi pé ẹ fẹ́ mú un dání.

A wo ara wa. Wọ́n ní: èmi tí orúnkún ń dùn, tí n ò lè lé adìẹ mọ́? Ẹkún gbá mi mú níbẹ̀, ní gbangba. Wọ́n ṣí ìborùn orí abọ́, wọ́n fi nù mí lójú. Mo fẹ́ràn obìnrin yìí. N ò mọ̀ ọ́n títí di òní.

Ìyẹ̀fun náà gbóná nígbà tó jáde. Màmá bu ẹ̀kúnwọ́ kan fún Cornelius, ó sì jẹ ẹ́ lójú wa.

Sọ́ńdè, 19

Ààdùn. Epo kún gbogbo aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì Lará. Adájọ́ ò tíì sọ nǹkan kan fún Alága. Wọ́n kàn ń wò ó.

Mọ́ńdè, 20

Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ ni Màmá pa tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ní kí Lará lọ ṣeré ní yàrá. Wọ́n bi ọmọ wọn léèrè: ta ló ní kí n mú ọmọ yìí lọ?

Ó ní òun ni. Ó ní láti ìgbà tí a ti mú Lará kúrò ní daycare, ojoojúmọ́ ni ọmọ ń bi òun pé ṣé Daddy off lónìí náà ni, òun á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní tó bá wà n'Íkirè, kò ní máa rí òun báyìí. Ó wá sunkún. N ò rí ẹkún rẹ̀ rí, àní lọ́jọ́ tí a gbọ́ ikú bàbá rẹ̀. Ìbínú tí mo ti ń tò jọ láti Sátidé fọ́n ká. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ṣá.

Màmá jẹ́ kó sunkún tán. Wọ́n ní: ọmọ tí mo bí ni mo lágbára láti mú lọ, èyí tí ìyàwó rẹ bí, tirẹ̀ ni. Wọ́n ní ṣebí ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gba kọńtíráàtì ní Warri ti ń pè é wá bá òun ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ yìí. Kó múra, kó tẹ̀ lé àwọn. Nǹkan tí wọ́n sọ nìyẹn. Wọ́n wọlé lọ bá Lará.

Ó ku àwa méjì. Ó kọjú sí mi — Dayọ̀ — ó ní, kí lo fẹ́ kí n ṣe?

Mo fẹ́ sọ pé má lọ. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí, Warri jìnnà, n ò sì mọ ẹni tí yóò máa wo Lará tí mo bá wà níbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo wo àga yẹn. Mo ní kó máa lọ. Mo ní ohunkóhun tó o bá fẹ́ bá mi sọ láti òní lọ, má fi sí ẹnu ẹlòmíràn mọ́.

Ó mi orí pé òun gbọ́. Mo ní kó fi ẹnu sọ ọ́.

Ó sọ ọ́.