Odò Inú Gíláàsì Tí O Fi Ránṣẹ́ sí Mi

Ilé Ọláníyọnu,
Ìbídò, Ṣàgámù.
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá, 1984.

Dúrótìmí ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí Yétúndé kékeré, ṣé eyín òkè ti yọ lẹ́nu rẹ̀? Èkó tó ń gbé ọmọ ọlọ́mọ mì kò níí rí ẹ̀yin gbé mì, ire lẹ ó máa bá jáde, ire lẹ ó máa bá wọlé, lágbára Olúwa. Àwa náà wà, ọpẹ́ ni. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní kí n má gbàgbé o, mo ti wá kí ọ báyìí kó má baà tún bi mí.

Ọ̀rọ̀ àpótí gíláàsì tí o fi rán dírẹ́bà ni mo fẹ́ ròyìn fún ọ. Mo mọ̀ pé o ti ń retí èsì, ojú ló ń tì mí. Ọjọ́ tí dírẹ́bà gbé e dé, lẹ́tà tó yẹ kó bá a wá ti bọ́ sábẹ́ ìjókòó ọkọ̀, kò sì rí i títí ó fi padà sí Èkó, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí nǹkan náà jẹ́. Èmi wo àpótí, mo wo ara mi, inú bí mi, mo ní àṣé Dúrótìmí ti ra pósí sílẹ̀ dè mí nígbà tí mo ṣì ń fọwọ́ ara mi jẹun, ti gíláàsì pàápàá, kí aráyé lè máa wò mí bí ẹni ń wo búrẹ́dì. Mo dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí n fi wọn ara mi, orúnkún mi ló mọ, ọkàn mi wá balẹ̀ díẹ̀. Ìyá rẹ ní tòun ni, pé ọmọ òun rántí òun, ló bá kó pọfupọ́fù sínú rẹ̀, ó gbé e sétí títì. Ọjà sì tà, kí n má purọ́. Ìgbà tí dírẹ́bà mú lẹ́tà dé, tí mo ní kí ìyá rẹ kó ọjà rẹ̀ jáde kí n lè kó ẹja sí i, títí di òní ni kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ.

O kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé dókítà ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, pé kí n máa fara balẹ̀, àti pé ọ̀gá rẹ ní irú àpótí yìí ní ọ́fíìsì, ẹni bá jókòó tó ń wo ẹja, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á wálẹ̀ wọ́ọ́rọ́. O ní níwọ̀n ìgbà tí orúnkún kò ti jẹ́ kí n sọ̀kalẹ̀ lọ sódò mọ́, kí odò gòkè wá bá mi ní pálọ̀. Ibẹ̀ yẹn, mo kà á, mo tún un kà, omi bọ́ lójú mi. Ọmọ tìrẹ náà á ro rere sí ọ.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò wá lọ bá wa bu odò wá? Àlímì ni. O mọ Àlímì ọ̀rẹ́ mi, olóbì tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà, ẹgbẹ́ kan náà ni wá, òun ló fà mí yọ nígbà tí mo fẹ́ rì sómi lọ́mọdé. Ó ká ṣòkòtò sókè, ó bọ́ sómi, ó wa yanrìn, ó sì ń fọ̀ ọ́ títí omi orí rẹ̀ fi mọ́ bí o ṣe kọ ọ́. Ó kó òkúta dúdú wá, ó gbé gbòǹgbò igi kan tí omi ti lá títí tó ń dán. Ó já òṣíbàtà, ó já ojúoró, ó fa koríko gígùn kan tó máa ń mì nísàlẹ̀ omi, ó fi ewé tútù dì wọ́n sínú àpẹ̀rẹ̀ bó ṣe máa ń di obì, kò sí ẹyọ kan tó rọ kó tó délé. Òkúta ńlá la tò sẹ́yìn, wẹ́wẹ́ síwájú, a gbé gbòǹgbò náà dábùú bí igi tó wó síbi tí a ti máa ń lúwẹ̀ẹ́. Nígbà tí omi tòrò, àwa méjèèjì fa àga wá síwájú rẹ̀. Odò wa ni lóòótọ́.

Ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn, ìyẹn ti bá àpótí wá, mo sì ti rò pé tèmi ni, torí dókítà ní kí n máa gba atẹ́gùn. Mo máa ń ki rọ́bà rẹ̀ sí ihò imú lọ́sàn-án, ó sì ń tù mí lára títí Nẹ́pà fi múná lọ. Lẹ́tà rẹ ní ti ẹja ni. Dúrótìmí, ẹja tó ti wà lódò láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, ta ló ń fẹ́ ẹ? Mo fi í lé wọn lọ́wọ́ ṣá. Àti pé àdúrà tí a máa ń gbà, pé ojúoró ní í lékè omi, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Kò pẹ́ tó fi bo gbogbo ojú omi, à ń fọwọ́ tú u kí a tó rí ẹja kan ṣoṣo. Àlímì ló wá ń yọ èyí tó pọ̀ jù kúrò, tó bá ti kírun Àṣárì tán ni yóò wọlé, yóò tẹ ọwọ́ bọ omi, a ó jókòó wò ó títí ilẹ̀ yóò fi fẹ́ ṣú.

Ní ti ẹja, o ní kó jẹ́ wẹ́wẹ́, kí wọ́n sì jẹ́ oníwà tútù. Ta ló ti bi ẹja léèrè ìwà rí? Àlímì fi asẹ́ kó ọmọ epìyà àti àwọn wẹ́wẹ́ kan tó ní ilà lára, wọ́n dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n mo wò ó pé ọmọdé nìkan ló kún inú ilé náà, àwọn àgbà sì ní àgbà kò sí, ìlú bàjẹ́, baálé ilé kú, ilé dahoro. Mo bá ra àrọ̀ kan láàyè, kó máa ṣe àgbà lórí wọn. Irùngbọ̀n rẹ̀ gùn, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ló ń rìn nísàlẹ̀, kì í bá ẹnikẹ́ni sáré. Baálé ni mo sọ ọ́. Ìwọ náà kò kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé kí n má fi àgbà sí i.

Ni ẹja bá bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Lónìí ọ̀kan, lọ́la méjì. Baálé nìkan ló wà níbẹ̀ digbí, ó tilẹ̀ ń sanra, mo ní ìrònú àwọn ọmọ rẹ̀ tó ń sọnù ló mú un wú. Mo ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, mo ń ṣọ́ ológbò, ọkàn mi kò balẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo rí i pé apá aṣọ Àlímì tutù rin, ojú sì ṣókùnkùn sí mi, mo bi í bóyá wọn kò ra ẹja lọ́jà mọ́ nílé tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ lẹyin, Dúrótìmí, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àlímì wò mí. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ó mú bàtà rẹ̀, kò wọ̀ ọ́, ó gbé e dání, ó fẹsẹ̀ lásán jáde.

Láti ọjọ́ náà, kò yà mọ́. Àga rẹ̀ ń wò mí. Nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó ní ó ti ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó bi mí bóyá iyọ̀ ni mò ń jẹ, mo ní rárá o, odò kan ló wà ní pálọ̀ mi tí wọ́n ń jí nǹkan inú rẹ̀. Ó fa ìyá rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi í bóyá mò ń sùn dáadáa.

Àlímì kò sì wá mọ́, ẹja ṣì ń dínkù. Mo bi ìyá rẹ, ó ní bí òun bá fẹ́ jẹ ẹja, kì í ṣe èyí tí òun máa tan àtùpà wá egungun rẹ̀. Lọ́jọ́ ìsinmi tó kọjá, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, n kò tíì bọ́ kóòtù, mo tú ojúoró kí n wo ẹni tó kù. Baálé ni mo rí tí ìrù ẹja yọ lẹ́nu rẹ̀, ìrù náà ṣì ń jù. Ó wò mí tààrà, ojú kò tì í. Igbe tí mo ké, ìyá rẹ rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru ti gbé mi ṣubú.

Inú mi bàjẹ́, ọmọ mi. Kì í ṣe torí ẹja. Ẹni tó wọ odò torí mi ni mo pè lólè.

Mo mú Baálé sínú korobá, mo fa ẹsẹ̀ yìí títí dé ilé Àlímì. N kò lè dọ̀bálẹ̀, torí bí mo bá lọ sílẹ̀ ẹni tó máa gbé mi dìde kò sí, mo di òpó ẹnu ọ̀nà mú, mo tẹ̀ dé ibi tí egungun gbà. Mo ní olè nìyí, mo ti mú un wá, kó fi ata sè é. Àlímì wo inú korobá títí. Ó ní ẹja ṣe ohun tí Ọlọ́run dá a láti ṣe, ẹja kò bá òun dàgbà, ẹja kò bá òun jẹun pọ̀ rí, nítorí náà ẹja kò jẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ó bú mi ì bá sàn.

Ó dìde, ó gbé korobá, ó ní a ó lọ dá a padà sómi, kí n jẹ́ ká lọ. Mo ní ṣé ó gbàgbé orúnkún mi ni. Ó ní kì í ṣe orúnkún ló pe òun lólè. Mo bá tẹ̀lé e. Mo di èjìká rẹ̀ mú, à ń rìn, à ń dúró, èébú ń bọ́ lẹ́nu mi sí òkúta ojú ọ̀nà. A dé odò. Ó ti pẹ́ tí mo ti fojú kàn án, òórùn rẹ̀ nìkan tó láti mú ni sunkún. Àlímì da Baálé sómi, ẹja náà kò wẹ̀yìn. Ìgbà náà ló tọwọ́ bọ àpò, ó fún mi ní obì kan. Mo wò ó, ihò kòkòrò wà lára rẹ̀. Àlímì tó ti ń ṣa obì láti kékeré, tí kò jẹ́ kí ẹyọ kan tí kòkòrò jẹ bọ́ sí àpẹ̀rẹ̀ oníbàárà rí! Mo wo ojú rẹ̀, omi ló ń wò. Mo jẹ obì náà tán, tòun ti kòkòrò, mo sì dúpẹ́ bí ẹni ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àgbà.

Ojoojúmọ́ la ti ń lọ sódò báyìí. Kò tíì máa bá mi ṣàwàdà, ṣùgbọ́n ó ń fún mi ní èjìká. Má fi ẹja kankan ránṣẹ́ o.

Iṣẹ́ rẹ kò níí bàjẹ́, ọ̀rẹ́ rere kò níí wọ́n ọ, ẹnu rẹ kò níí ṣe ọ́ bí tèmi ṣe ṣe mí. Owó ni mo fẹ́ kí o bá mi wá. Ilẹ̀ etídò tutù, Lásúnkànmí káfíńtà sì ní òun lè kan àpótí ìjókòó méjì fún wa tí a ó fi síbẹ̀. Bí owó náà kò bá tó méjì, fi ti ẹyọ kan ránṣẹ́, Àlímì ni yóò jókòó.

Èmi ni bàbá rẹ,
Joseph Ọláníyọnu.